Bó Ṣe Wà La Tà Á

Ọkùnrin kan wà tó ń ta irinṣẹ́ láàbù tòkunbọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni agbẹjọ́rò rẹ̀: "Bó ṣe wà la tà á." Ó kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sára gbogbo ìwé ọjà, débi pé àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Bó-Ṣe-Wà. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ obìnrin kan wá ra fáàfù, irin kékeré tí wọ́n fi ń ṣí gáàsì tí wọ́n fi ń tì í, fún láàbù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Bó-Ṣe-Wà ti da omi ọṣẹ sí fáàfù náà lọ́rùn láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Ọṣẹ náà hó, àmì pé gáàsì ń jò níbẹ̀. Ó rí i kedere. Ó mú àkísà, ó nù ún gbẹ, ó sì kùn ún lọ́dà tuntun. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò jò?" ni olùkọ́ béèrè.

"Àǹtí, ẹ ò rí ohun tá a kọ síbẹ̀ ni? Bó ṣe wà la tà á."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìròyìn dé. Fáàfù náà jò, iná sì sọ nínú láàbù. Ọwọ́ olùkọ́ náà méjèèjì jó níbi tó ti ń ti àwọn ọmọ síta.

Bó-Ṣe-Wà gbé ìwé ọjà tí olùkọ́ fọwọ́ sí nígbà tó ra fáàfù náà jáde. Ó ń kà á lákàtúnkà. Òfin ò lè mú un, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bó bá fẹ́ wẹ̀ tí ọṣẹ bá hó lọ́wọ́ rẹ̀, á sáré ṣàn án dànù.

Wẹ́dà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ Jésù. Ṣe ni Bó-Ṣe-Wà máa ń sọ fún un pé kó lọ wàásù fún irin. Lọ́jọ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló wá wẹ́dà lọ.

"Mo rí i pé ó ń hó," ló wí. "Mo nù ún."

Wẹ́dà sọ irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ń jò. Èmi náà jò rí. Jésù rí gbogbo ibi tó ń jò lára rẹ, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rà ọ́. Bó o ṣe wà ló rà ọ́, àmọ́ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ bó o ṣe wà."

Bó-Ṣe-Wà kúnlẹ̀ láàárín àwọn irin àlòkù, ó sunkún bí ọmọdé. "Olúwa, mo rí i, mo nù ún. Ṣàánú mi."

Ibẹ̀ ló gbà lọ sí ọsibítù tí olùkọ́ náà wà. "Àǹtí, mo mọ̀ pé ó ń jò kí n tó tà á fún yín."

Olùkọ́ wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ lọ gba àwọn fáàfù yòókù tẹ́ ẹ ti tà padà ná," ló wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà wá bá mi."

Ohun tó ń ṣe títí dòní nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn. Ó ti pa ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí ni ìwọ rí tó ń hó, tó o yára nù gbẹ? Aráyé lè máà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dí ihò, ọ̀rẹ́ mi. Má ṣe dúró dìgbà tí iná bá jó ọwọ́ ẹlòmíràn. Níbi tó o jókòó sí yìí, lónìí, sọ fún Jésù pé, "Mo rí i, mo nù ún." Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ẹnu rẹ ló fẹ́ kó ti jáde.