Àpò Tí Mo Jù Síta Lọ́nà Kashi

"Ẹ gun òkè lọ, ìyá! Àbí ẹ fẹ́ kí n pọ̀n yín ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Wankhede ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá àgbà mi lójú gbogbo ará àdúgbò wa, kí rélùwéè tó kúrò ní ìlú wa, Nagpur, rárá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì ṣáájú àwa méjìlélógún tí à ń lọ wẹ̀ nínú Ganga, odò mímọ́ wa, ní ìlú Kashi. Ibùsùn ìsàlẹ̀ ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà, nítorí orúnkún rẹ̀ tó ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ àna Wankhede ti nà gbalaja sórí rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Tíṣà, tiwa ni ibùsùn yẹn," ni mo wí.

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Lọ kàwé ìdánwò ẹ."

Ìyá àgbà bọ́ bàtà rẹ̀. Ó di irin mú, ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó ń kérora títí ó fi dé òkè.

Ketaki, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, sọ sí mi létí pé, "Ìwọ náà ń wò ó? Ká ní ìyá àgbà tèmi ni, ọkùnrin yẹn ò ní gbádùn."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Wo àpò búráùn tó gbé kọ́ yẹn, tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn. Tábà ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Ẹ̀rù kẹ̀! Nígbà tí wọ́n paná, tí Wankhede ń hanrun, mo rọra já àpò náà. N ò tú u wò. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, atẹ́gùn gbá mi lójú, mo sì fi gbogbo agbára mi jù ú sínú òkùnkùn. N ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi bí oyin.

Ariwo Wankhede ló jí wa láàárọ̀. "Àpò mi dà? Yéè! Eérú Dattatray wà nínú ẹ̀!"

Dattatray ni ọkọ ìyá Sindhu, aládùúgbò wa tó ń ránṣọ. Oṣù kan ṣáájú ìrìn àjò yẹn ló kú, tí wọ́n sun òkú rẹ̀. Torí àtida eérú rẹ̀ sínú odò mímọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ni ìyàwó rẹ̀ ṣe bá wa wá. Ọwọ́ ìyá Sindhu máa ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rù kí ìkòkò eérú náà má fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá ní kí Wankhede bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ìyá Sindhu fọ́ Wankhede létí. "Ọkọ mi ni mo ní kí o ṣọ́! O wá sùn lọ!"

"Olè ni!" ni àna Wankhede ké. Ó nawọ́ sí ọkùnrin tó ń ta tíì nínú ọkọ̀. "Òun ló ń rìn káàkiri ibí!"

Kí ọkùnrin náà tó lanu, wọ́n ti di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. Ìgbátí dún. Tíì gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, mo bímọ mẹ́ta!"

Ketaki já mi léèékánná. "Pa ẹnu ẹ dé o. Wọ́n á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó parí."

Mo wo ẹnu ọkùnrin náà tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìbínú mìíràn dé sí mi, ara mi ni mo sì ń bínú sí.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ni mo figbe ta. "Èmi ni mo jù ú nù!"

Wọ́n jọ̀wọ́ ọkùnrin náà. Ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó kọ́kọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà, ó ń bẹ ẹlẹ́tíì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Ṣé mo rán ẹ? Orúnkún ló ń dùn mí lánàá, Tarini. Lónìí, o fi ojú mi gbolẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá Sindhu. "Ẹ dárí jì mí, mà. N ò mọ̀ pé..."

"O ò mọ̀? O ò bèèrè ni!" Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì, kò pa adìẹ rí. Ìwọ lo wá sọ ọ́ sínú igbó bí ìdọ̀tí!"

A fẹjọ́ sùn ní ibùdókọ̀ rélùwéè, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò rí àpò náà. Nígbà táwọn yòókù ń wẹ̀ ní Kashi, ìyá Sindhu jókòó sórí àtẹ̀gùn etí odò, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. N ò lè fẹsẹ̀ kan omi. Títí dòní, bí mo bá kí i, ibòmíràn ló máa ń wò.

Nígbà tí à ń padà, àna Wankhede tún ti nà sórí ibùsùn ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà ò pariwo. Ó dúró de ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.

"Ọmọ mi, bá mi ka èyí. Ta ló ni ibùsùn yìí?"

"Tiyín ni, ìyá." Ó kọjú sí àna Wankhede. "Ẹ dìde."

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ibùsùn náà fi ṣófo.

Mo jókòó ti ìyá àgbà, omijé bọ́ lójú mi. Ohun tí a lè fi ẹnu gbà padà lójú gbogbo èèyàn, eérú ọkọ ọlọ́kọ ni mo fi gbẹ̀san rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe gbé ìrẹ́jẹ mì. Ẹ sọ ọ́ síta, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbínú gbé òkò lé yín lọ́wọ́, nítorí ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.