Méjì Ni Wọ́n Ní Kó Yọ

"Odò ti dé o! Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè!"

Gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì mí. Ojú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń wò, níbi tí orúkọ àwa tí a fẹ́ rìnrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta wà. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kọ nípa mi wà lábẹ́ orúkọ mi gbangba: "Ó ṣì máa ń tọ̀ sórí ibùsùn. Ẹ máa jí i lóru."

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà á! Òun ni olórí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo ń dúró dè é ká jọ lọ sílé nígbà tí olùkọ́ wọn ní kó kọ kóòdù tí yóò yọ kíláàsì méjì, ìyẹn àmì tó ń pàṣẹ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń hàn lójú ìwé, kúrò lára orúkọ àwa tí a pẹ́ dá fọ́ọ̀mù ìrìn-àjò padà: èyí tó sọ orúkọ wa di pupa àtèyí tó sọ ọ́ di gàdàgbà. Ẹ̀kẹta ló ń fi ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì pa mọ́.

"Dárúkọ méjèèjì," ni olùkọ́ wí. "Má fọwọ́ kan ìyókù."

Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é níta: "O ò tíì ṣe tán ni?" Ló bá kọ ìlà kan tó gbá gbogbo kíláàsì dànù pátá. Kò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.

Nígbà tí olùkọ́ pè é níṣojú mi, ó ní, "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é, sà."

"Irọ́ ni!" Mo pariwo mọ́ ọn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú méjì. Olùkọ́ ṣí kóòdù náà, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí ìlà tó gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Inú bí olùkọ́ gan-an, ó sì bínú sí ara rẹ̀ náà: "Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí ò yẹ kó dé ibẹ̀ rárá."

"Àbúrò mi, má bínú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí tẹkúntẹkún. "Mo ti tún un ṣe, kò hàn mọ́."

"Ṣé o máa yọ ọ́ kúrò lọ́kàn àwọn tó ti kà á ni?" ni mo bi í.

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́wọ́ ìkánjú àti irọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Mo gbọ́, àmọ́ inú ṣì ń bí mi, torí ìtìjú ò jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ ìrìn-àjò, ó ti lọ láìsí mi nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ méjì, méjì náà ni kí ẹ yọ. Ẹni tó kánjú ṣiṣẹ́ kọ́ ló máa ń jìyà rẹ̀ nígbà gbogbo.