Eré Tí Ẹ̀pẹ́ Kọ̀ Láti Wò

Ọkùnrin náà ń sáré bọ̀ láàrin òkìtì yanrìn Èbúté Ìkòròdú bí ẹni tí oyin ń lé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá kan tó ká lórí bíi gọ̀gọ̀ tí wọ́n fi ń já ìbẹ́pẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi í da bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan síwájú, bọ́ọ̀lù tí kò tóbi ju ọsàn lọ. Ó gba àárín agbọ̀n ẹja kọjá, ó yí alábàárù kan po, ó fo okùn ọkọ̀, bọ́ọ̀lù náà kò sì kúrò nídìí ọ̀pá, àfi bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Kúbúrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Ẹ̀pẹ́ wá ni. Ó gbé abọ́ ẹja yíyan sílẹ̀ kí ó lè tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì gbàgbé gèlè. Ó ń wo ọkùnrin náà. Kò rí ẹni tó dá nìkan ṣeré tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tó ti ń wò ó ni bọ́ọ̀lù ti fò sókè, ó sì bọ́ sínú abọ́ ẹja rẹ̀. Gbàgà!

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí!" Kúbúrá figbe ta. "Ṣé ẹ tún fẹ́ pa ẹja mi lẹ́ẹ̀kejì ni? Ó ti kú kí n tó yan án o!"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Má bínú, arẹwà. Jọ̀ọ́, fún mi ní bọ́ọ̀lù mi."

"N kò fún yín. Ohun tó bá wọ inú abọ́ ọlọ́jà, ọjà rẹ̀ ni. Ẹ ná an."

"Mo fi ẹ̀rín ná an."

"Ẹ̀rín kì í ra iyọ̀."

"Tèmi ti ra nǹkan. Wo ẹnu rẹ, ìwọ náà ti ń rẹ́rìn-ín."

Òótọ́ ni. Kúbúrá ju bọ́ọ̀lù náà lù ú láyà, ó gbé abọ́ rẹ̀ kórí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí òkè èbúté, ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ìfẹ́ ti kọlù rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti bojú wẹ̀yìn, ó ti tán.

Mọ́ṣúdù lorúkọ ọkùnrin náà. Káfíńtà ni ní Ìkòròdú. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí ogun Bọ́mà, ní ọdún 1953 yìí sì rèé, gbogbo ìlú kò tíì dẹ́kun fífi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ohun kan ṣoṣo tó kó bọ̀ láti ojú ogun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aṣọ bọ̀, wọ́n kó aago bọ̀. Eré họ́kì ni Mọ́ṣúdù kó bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Kúbúrá bá ti tajà tán, abẹ́ igi odán tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù ló ń jókòó sí kí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ tó gbéra.

"Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n kó wa gbà lọ sí Bọ́mà," Mọ́ṣúdù ń sọ fún un lọ́jọ́ kan, bó ti ń fá igi, "mo rí i tí odindi ìlú ti ìsọ̀ pa torí eré yìí. Àgbà ń sunkún, ọmọdé ń gun orí òrùlé."

"Kí ló wá dé tí àwọn ará ibí kò kà á sí?"

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. "Èmi náà bi òyìnbó kan ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ará Kánádà ni, òun ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju oúnjẹ sí wa nínú igbó. Ó ní ní ìlú tòun, omi ló ń dì, tó ń le bí òkúta, wọ́n á wọ bàtà onírin, wọ́n á máa gbá họ́kì lórí omi."

"Omi? Omi bí ọ̀sà wa yìí?" Kúbúrá pàtẹ́wọ́. "Bùrọ̀dá Mọ́ṣúdù, ẹ ti ń purọ́ fún mi kí ẹ tó fẹ́ mi!"

"Kí n tó fẹ́ ọ? Ta ló sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ọ?"

Kúbúrá fọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ wọlẹ̀. Mọ́ṣúdù gbé igi sílẹ̀, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ, Àníkẹ́. Jẹ́ kí n parí ìtàn mi ná."

Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Àníkẹ́. Ara Kúbúrá ṣe wìnnì.

"Òyìnbó náà ní àwọn ará Amẹ́ríkà, aládùúgbò wọn, kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń gbá kéré jù, ojú kì í lé e bá. Ibi tí omi kì í ti í dì, àwọn ọmọ wọn kò gbá a rí, eré téèyàn kò bá sì ṣe ní kékeré, ó ṣòro kó wọ̀ ọ́ lára lágbà. Bàtà ọ̀hún tún wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un ti tó."

"A jẹ́ pé ohun tó ṣe wọ́n náà ló ń ṣe wá."

"Ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn díẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, màlúù kò lè fà wọ́n kúrò nídìí rẹ̀."

"Èmi náà ti di ọ̀kan," ni Kúbúrá wí, kò sì ṣe àwàdà.

Nígbà tí Mọ́ṣúdù lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti fojú han àwọn òbí rẹ̀, ẹ̀rín àti ìtàn omi tó ń le bí òkúta ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Láwàl ni bàbá Kúbúrá, Bàbá Aláwọ̀n ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ gùn tó tirẹ̀ létí ọ̀sà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bí ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ẹni tí Láwàl sì ti fi ọkàn sí pé yóò fẹ́ ọmọ òun ni Bísíríyù, ọmọkùnrin tó ń gbá góòlù wọlé fún Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ọmọdé ń kọrin tẹ̀ lé kiri.

"Ìwọ ni Olómi-Òkúta?" ni Bàbá Aláwọ̀n bi í.

"Mọ́ṣúdù lorúkọ mi, sà."

"Ọkùnrin bíi tìẹ, ológun, káfíńtà, o wá ń tẹ̀ kiri lórí pápá bí arúgbó tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ nù. Ẹni tí gbogbo ọjà ń fi rẹ́rìn-ín, ọmọ mi kò ní jẹun nínú ẹ̀rín yẹn. N kò kórìíra rẹ. Ọ̀pá yẹn tàbí Kúbúrá, mú ọ̀kan."

Bísíríyù, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tún fi tirẹ̀ kún un. "Bùrọ̀dá, ẹ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù gidi. A óò fi yín ṣe igi góòlù."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kúbúrá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń bu ètè jẹ.

Nígbà tí ó tún dé Èbúté Ìkòròdú, Mọ́ṣúdù ti ń dúró dè é létí omi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo.

"Ọ̀pá yín dà?"

"Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sókè àjà. Mo ti sọ fún àwọn tí a jọ ń gbá a pé ó parí." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Bàbá rẹ ní kí n mú ọ̀kan. Ìwọ ni mo mú, olólùfẹ́ mi."

Ọmọge mìíràn ì bá yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Inú bí Kúbúrá. Ó bí i débi pé ó gbé abọ́ ẹja sílẹ̀ kí ó má baà dà á nù.

"Ta ló rán yín?"

"Kúbúrá..."

"Mo ní ta ló rán yín? Ọkùnrin tó ń sá láàrin yanrìn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu ni mo rí. Òun ni mo fẹ́. Ẹ bá mi wá a!" Omijé ti gba ojú rẹ̀. "Ẹ ju ohun tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀ torí pé ọjà ń fi yín rẹ́rìn-ín. Lọ́la, bí ọjà bá ń fi mi rẹ́rìn-ín ńkọ́? Bí n kò bá tètè bímọ, tí ẹnu aráyé ń kùn, ṣé àjà náà lẹ máa gbé mi sí?"

Mọ́ṣúdù tẹjú mọ́ omi. Nígbà tó gbójú sókè, ojú ológun ló kù síbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ kó àwọn ẹgbẹ́ yín wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ wá gbá a lójú bàbá mi. Kí gbogbo ìlú rí ohun tí mo yàn."

Ni wọ́n bá wá. Àwọn ológun Bọ́mà ni, àwọn káfíńtà, àti Matthias, ará Ìlàjẹ kan tó sanra bí ọkọ̀ ìkẹ́rù, òun ló ń ṣọ́ ilé góòlù. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì lórí yanrìn tí ọ̀sà ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀, tó le pẹpẹ. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ jáde wá, nítorí kò sí yẹ̀yẹ́ tí ìlú kì í jáde wò.

Àṣìṣe ńlá kan ló wà níbẹ̀, àwọn ará Ìkòròdú nìkan ló lè ṣe é. Ilẹ̀ àti yanrìn tiwọn pupa, ìdí nìyẹn tí Mọ́ṣúdù fi ń fi ẹfun kun bọ́ọ̀lù rẹ̀. Yanrìn etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ sì rèé, ó funfun bí ẹ̀kọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, kò sí ẹnikẹ́ni tó rí bọ́ọ̀lù. Àwọn ọkùnrin gìrìwò ló ń sáré, tí wọ́n tẹ̀ ba, tí wọ́n ń fi ọ̀pá na yanrìn.

"Wọ́n ń gbálẹ̀!" ni obìnrin kan kígbe. "Ẹ bá mi gbá ẹ̀yìnkùlé mi náà o!"

"Akàn ni wọ́n ń lé!"

Ẹ̀rín bo etí ọ̀sà. Mọ́ṣúdù ń gbọ́ ọ, ó sì ń sáré. Kúbúrá kò lè fara dà á mọ́. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí wọ́n bá fẹ́ da àwọ̀n ńlá ní Ẹ̀pẹ́, ẹnì kan ní láti dúró síbi gíga, kó máa wo bí omi ṣe ń mì, kó máa kígbe ibi tí ẹja wà fún àwọn tó di okùn mú, torí àwọn kò lè rí i. Kúbúrá ti ṣe iṣẹ́ yìí fún bàbá rẹ̀ kí ọmú tó yọ láyà rẹ̀.

"Ó ń bọ̀ lọ́tùn-ún!" Ohùn rẹ̀ la ẹ̀rín já. "Ó ti dé ọwọ́ ẹni gíga yẹn! Ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó tàn án jẹ, ó ti kọjá! Mọ́ṣúdù ló gbé e! Ó ń lọ, ó ń lọ, ẹ má sùn o, Matthias, ó ti dé iwájú ilé! Háà! Ó fẹsẹ̀ gbá a dànù!"

Ẹ̀rín dákẹ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, bí ohùn ọmọge náà ṣe ń darí wọn. Àwọn míì tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí bọ́ọ̀lù náà fúnra wọn. Nígbà tí góòlù àkọ́kọ́ wọlé, igbe ta, igbe gidi.

Bísíríyù rí i pé nǹkan fẹ́ yíwọ́. Ó súfèé, wọ́n ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn èrò, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ pupa rẹ̀rẹ̀, tó tóbi bí orí ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ etí ọ̀sà.

Èrò ṣàn lọ sọ́hùn-ún bí omi tí ń ṣàn lọ sínú kòtò. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ lọ, àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé wọn, àwọn obìnrin gbé ìjókòó wọn. Kò pẹ́, etí pápá họ́kì dá páropáro. Ó ku Ṣẹ̀rífátù, ìyá Kúbúrá, àti àwọn arúgbó mélòó kan tí kò lè tètè dìde.

Kúbúrá kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ó wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀! Ẹ sún mọ́ ọn! Ó ti yọ lọ́wọ́ wọn!"

Ohùn rẹ̀ ti há. Bàbá Aláwọ̀n wá dúró sísàlẹ̀ ọkọ̀ náà. "Kúbúrá, sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn ti lọ."

"Bàbá mi, bí ẹja tilẹ̀ ti jáde nínú àwọ̀n, ẹ kì í ní kí n dákẹ́ títí ẹ ó fi fa àwọ̀n délẹ̀."

"Ta lò ń kígbe fún?"

"Ara mi ni mò ń kígbe fún. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo sì ń wò ó." Ó yíjú padà sí pápá. "Lọ́tùn-ún, Mọ́ṣúdù! Lọ́tùn-ún!"

Bàbá Aláwọ̀n jókòó sórí òkìtì okùn, ó sì wo eré náà títí dé òpin.

Nígbà tí ó parí, Mọ́ṣúdù wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, òógùn àti yanrìn ti bò ó.

"Ṣé o rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò ọ́ mọ́?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tí o kò dáwọ́ dúró?"

"Eré kò tíì parí, sà."

Bàbá Aláwọ̀n wo ọmọ rẹ̀ lórí ọkọ̀, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. "Mo ní kí o mú ọ̀kan nínú méjì. Ìwọ wá kó méjèèjì wá síwájú mi. Olójúkòkòrò!" Ó mí kanlẹ̀. "Eré yín kò dára lójú mi o. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà kọ̀ sílẹ̀ tí kò sá, ẹni yẹn lè dúró ti obìnrin. Lọ kó àwọn àgbà rẹ wá."

Ṣẹ̀rífátù figbe ayọ̀ ta. Kúbúrá jókòó pẹ̀rẹ́sẹ́ lórí ọkọ̀. Mọ́ṣúdù dìde, ó na ọwọ́ sókè sí i.

"Sọ̀ kalẹ̀, Àníkẹ́ mi."

"Ohùn mi ti lọ," ni ó rọra wí.

"Má ṣèyọnu. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ẹ̀pẹ́ yí padà. Kò yí padà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń sọ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí àwọn àgbà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jókòó pọ̀ lójúlé Bàbá Aláwọ̀n. Àlùfáà ka ohun tó yẹ kó kà, ó wá bi ìyàwó léèrè ohun tí ó fẹ́ gbà ní sàdáákì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó, torí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òun nìkan ló sì lè dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé ń retí wúrà. Àwọn kan ń retí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Kúbúrá gbé ìborùn kúrò lójú.

"Ọ̀pá họ́kì kan," ni ó wí, "tó bá ọwọ́ mi mu."

Ilé dàrú. Àwọn ìyá ń pòṣé, àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín, Bàbá Aláwọ̀n sì fọwọ́ bo ojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Mọ́ṣúdù kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. "Ọmọ mi, kí ni obìnrin fẹ́ fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ṣe?"

"Ẹ so yìgì náà, Àlùfáà," ni Kúbúrá wí. "Ẹ wá sí Ìkòròdú kí ẹ wá wò ó. Àyè ìjókòó pọ̀ níbẹ̀."