Òkúta Tí Ìbéèrè Wú Láti Inú Orí Ara Ẹ̀

Bí irọ́ tó tó hóró iyọ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ahọ́n mi gbẹ bí awọ bàtà.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè, torí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ìyá ẹ̀ ń ránṣọ. Bàbá ẹ̀ rìnrìn àjò látọjọ́ tó ti pẹ́, kò padà, kò ránṣẹ́. Ìyá ẹ̀ ní bàbá gbé e lé èjìká dáadáa kó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, a sì pòṣé: "Èjìká wo? Ìgbà tí ìjì ṣí òrùlé wa ni àbúrò mi lọ. Oyún ẹ ò tíì hàn síta!"

Ìbéèrè ò gbà. Lálaalẹ́, èjìká yẹn ló ń rò títí oorun á fi gbé e lọ.

Ni tíṣà ìtàn bá gbéṣẹ́ dé. Ó ní Búdà, ọkùnrin tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, kò sẹ́ni tọ́dún tó kú dá lójú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fà á bí ajá méjì ṣe ń fa egungun. Ìgbà tí Ọba Aṣóka, ọba ayé àtijọ́ kan tó gba ẹ̀sìn yẹn, gorí oyè ni wọ́n ti ń kà á padà sẹ́yìn. Àwọn kan ní igba ọdún ó lé méjìdínlógún. Àwọn kan ní ọgọ́rùn-ún péré. Ìwé tí wọ́n ti kọ lórí ìjà yẹn, bí wọ́n bá tò ó léra, á kan òṣùpá lágbọ̀n!

"Ẹni tẹ́rìí ẹ̀ bá múná jù," tíṣà ní, "àròkọ ẹ̀ àti fọ́tò ẹ̀ á wọ ìwé ìròyìn iléèwé."

Ìwé ìròyìn yẹn ń dé ìlú òkèèrè. Bí bàbá bá lọ rí fọ́tò yẹn ńkọ́?

Ọgọ́rùn-ún ni Ìbéèrè mú. Àmọ́ ẹ̀rí ò tó. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un: "Dá ẹ̀rí tìẹ sílẹ̀, jàre. Ní wọ́n kọ ọ́ sára òkúta kan. Ṣé tíṣà á wọ bàálù lọ bi òkúta léèrè ni?"

Àṣé ó wọ̀ ọ́ létí. Ìbéèrè kọ ọ́ pé wọ́n wú òkúta kan jáde nínú ilẹ̀, ọdún náà sì wà lára ẹ̀ rekete.

Tíṣà pè é. "Òkúta yìí, inú ìwé wo lo ti rí i?"

Ìbéèrè wolẹ̀. "Mi ò rí i, sà."

"Kí ló dé tó o fi yan ọgọ́rùn-ún?"

"Òun ló sún mọ́ wa jù, sà. Ẹni tó ti jìnnà, ṣé kò dáa ká fà á mọ́ra díẹ̀ ni?"

Tíṣà tí ìpéǹpéjú ẹ̀ kan ṣoṣo ń pa igba ọmọ lẹ́nu mọ́ wá rọra dá àròkọ ẹ̀ padà fún un. "Ọmọ mi, àárò kì í ṣe ẹ̀rí." Ẹlòmíì ni wọ́n fi fọ́tò ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

Ìbéèrè délé, ó gbé ìwé ìwọ̀n ìyá ẹ̀. Aránṣọ kì í kọ déètì, àmọ́ bí oníbàárà ṣe dé ló ń kọ wọ́n tẹ̀ léra. Ó rí i: "Ṣòkòtò, ọkọ mi." Ṣòkòtò náà ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó wá gbà á. Ojú ìwé kejì, gáùn ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀: wọ́n pa ìwọ̀n ìbàdí rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fẹ̀ sí i. Ojú ìwé kẹta ni ẹ̀wù ọmọ jòjòló.

"Màámi, bàbá mi ti lọ kí n tó dé."

Ẹsẹ̀ ìyá dúró lórí ẹ̀rọ. "Kí n tó rán ṣòkòtò yẹn tán ló ti lọ. Mo fà á sún mọ́ ẹ ni, kó o lè rí nǹkan dì mú."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀?"

"Ó gbé etí lé ikùn mi. Ó ní kó o yé pariwo."

"Ṣé ìyẹn náà wà nínú ìwé?"

"Rárá. Èmi nìkan lẹ̀rí ẹ̀."

Ìbéèrè yọ ṣòkòtò náà lórí ìṣó, ó gbé e lé èjìká tiẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún àròkọ kọ: ìṣirò méjèèjì, àti ibi tí ìmọ̀ dé dúró. Tíṣà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Kò dé òkèèrè.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ sọ. Èyí tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Bírọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a.

Ẹnì kan láàárín àwọn tó ń gbọ́ ìtàn bi mí pé, "Ìwọ tó o fi ìwé kan òṣùpá lágbọ̀n ńkọ́?"

Mo ní, "Ojú mi ló ṣe!"

Ó ní, "Ìwọ tí o ò mọ A yàtọ̀ sí B? Gbéra ńlẹ̀, máa lọ sílé yín!"