Ìtumọ̀ Jẹ́ńtù

Ọjọ́ tí Naomi kọ́kọ́ rí Ọlọ́runṣọlá, wọ́n ń bú u ni. Ó gbé ìbéèrè ìdánwò wá kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Naomi ní Kàbà, ni oníbàárà kan bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí tísà lọ dúró lẹ́yìn. Ọlọ́runṣọlá sún fún un. "Ẹ má bínú," ó ní.

"Tísà, ẹ ti jẹ́ńtù jù," Naomi wí nígbà tí onítọ̀hún lọ tán.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá?" Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. "Àwọn ará Róòmù ló ni ín. Ọmọ agboolé kan náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, ó di ọmọ ilé ńlá, ọmọ tó ní orírun. Ó pẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá fi ń pe oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n rò pé ilé ńlá nìkan ni ìwà ti ń wá."

"Àbí irọ́ ni?"

"Irọ́ ni. Èmi mọ̀."

Ó di oṣù kẹta kó tó sọ bó ṣe mọ̀. Nígbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá sí Kàbà, yálà ìdánwò wà tàbí kò sí. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ekinrin-Adde ni wọ́n ti rí i, ọmọ ọjọ́ mélòó kan. Ìyá Lois, opó tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì náà, ló tọ́ ọ dàgbà.

Naomi gbé orí lé e láyà. "Olólùfẹ́ mi, ìwọ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ agboolé."

Ó gbà á gbọ́.

Ìfẹ́ ń pa Naomi débi pé ó ń fi í yangàn nílé. Ó sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀, Alàgbà Benjamin, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì. Bàbá fetí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́, lẹ́yìn náà ó lọ wádìí ibi tí Ọlọ́runṣọlá ti wá.

Lọ́jọ́ tí Ọlọ́runṣọlá àti Ìyá Lois wá tọrọ Naomi, ìyá náà kúnlẹ̀, ó kí wọn pé, "Okun o." Alàgbà Benjamin kò ní kó dìde.

"Tísà, ọmọ mi ní o mọ ìtumọ̀ jẹ́ńtù. Ó ní ọmọ tó ní orírun ni. Ìwọ, agboolé ta ni o ti wá?"

"Ọmọ Ìyá Lois ni mí, sà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó he ọ́."

Alàgbà yíjú sí Naomi níwájú gbogbo ẹbí. "Ṣé o mọ̀ pé ṣe ni wọ́n he é?"

Ọlọ́runṣọlá wo Naomi, ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó dá a lójú pé yóò sọ òótọ́. Ẹ̀rù ba Naomi. Ó wolẹ̀.

"Rárá, sà. Kò sọ fún mi."

"Ẹ gbọ́ o," ni bàbá rẹ̀ wí fún àwọn ẹbí. "Kò nílé, ó tún ń purọ́."

Ọlọ́runṣọlá fa Ìyá Lois dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, wọ́n sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà fi ń jẹ Naomi lọ́kàn. Níkẹyìn ó wólẹ̀ fún bàbá rẹ̀. "Bàbá, irọ́ ni mo pa. Ó sọ fún mi."

"Mo mọ̀," Alàgbà dáhùn. "Mo fẹ́ kó gbọ́ irọ́ náà lẹ́nu rẹ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Naomi wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Ọlọ́runṣọlá fún un ní àga, ó bu omi fún un, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

"Ṣọlá, dákun. Ṣé o dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì yín."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Èmi ni o ń pè ní ẹ̀yin?"

"Ọkọ̀ Kàbà kì í pẹ́ kún," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé gáréèjì."

Ó sìn ín débẹ̀. Ó wá ìjókòó iwájú fún un, ó sì bẹ dírẹ́bà pé kó rọra wakọ̀.

"Ẹ bá mi kí wọn nílé," ó ní fún Naomi. Ó ti lọ kí ọkọ̀ náà tó gbéra.