Kọ́lọ́ọ̀mù Tí Màmá Fi Kún Un

Àríyànjiyàn ni wọ́n fi pàdé. Ọ̀dọ́kùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì ni, níbi tí wọ́n ti ń fi PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ prógíráàmù tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù sínú dátábéèsì. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí bàbá rẹ̀ ń ta awò ojú, ló yọjú wo iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ wá ń fọwọ́ to orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù sí? Ẹ jẹ́ kí prógíráàmù bi dátábéèsì pé kí ló wà nínú tébù rẹ̀."

"Dátábéèsì kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń bi í. Ta ló ráyè?"

"Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Kíákíá!"

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, yẹ̀yẹ́ di ìfẹ́.

Ó wá ku bàbá ọmọbìnrin náà. Wọn ò fẹ́ oníwàdùwàdù lána. "Kó wá bá mi kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù mi sínú dátábéèsì tuntun ná, ká rí ọwọ́ rẹ̀."

Kíákíá mà tún kánjú o! Kò béèrè kọ́lọ́ọ̀mù kankan. Orí ló fi rò ó: orúkọ, ojú ọ̀tún, ojú òsì. Ó kó wọn tán, ó pa ti àtijọ́ rẹ́.

Bàbá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi dà?"

Ìyàwó wọn tó ti dolóògbé ló fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún un, tó ń kọ ohun tó bá rí lára oníbàárà síbẹ̀: eléyìí ń tijú, tọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ. Gbogbo ẹ̀ ló ti lọ.

"Yéè, màámi!" Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Lójú tirẹ̀, ìyá rẹ̀ tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Kíákíá kúnlẹ̀. "Èmi ni mo bà á jẹ́, bàbá."

"Máa lọ."

Ó lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó padà wá, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá kọ sí ti ẹni àkọ́kọ́? Èyí tẹ́ ẹ bá rántí."

Bàbá tẹjú mọ́ orúkọ náà. "Ó ní... kí n máa rọra bá a sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́: bàbá ń sọ, Kíákíá ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà mìíràn bàbá á rẹ́rìn-ín, ìgbà mìíràn omi á bọ́ lójú wọn. Èyí tí wọn ò rántí, wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo. Ọmọbìnrin náà jókòó tì wọ́n, kò bá Kíákíá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ó wá kan orúkọ ọmọbìnrin náà, torí òun náà ń lo awò.

"Ìyá rẹ̀ ò kọ nǹkan kan sí ti ọmọ wa," ni bàbá wí. "Ìwọ kọ ọ́."

Kíákíá gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Olólùfẹ́ mi, kí ni kí n kọ?"

Ọmọbìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Kọ ọ́ pé ó ń lọ sílé ọkọ."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nu ojú. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.