Ìgbín Ṣì Wà Nínú Kòtò

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Ó tín-ínrín, ojú rẹ̀ sì mú.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kò ní tíì bọ́ bàtà tí yóò fi jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Pẹ́pẹ́yẹ àti Ìgbín.

Kàtúùnù àtijọ́ ni. Ohùn Bàbá àgbà ni ohùn Ìgbín. Ohùn Màmá àgbà ni ohùn Pẹ́pẹ́yẹ.

Màmá àgbà kú. Kàtúùnù náà sì dáwọ́ dúró.

Lọ́dún yìí, wọ́n tún jí i dìde. Màmá Abẹ́rẹ́ ló ń ya àwòrán rẹ̀. Bàbá àgbà ń ṣe ohùn méjèèjì. Òun ló ń dá orin, òun ló ń gbè é.

Lọ́jọ́ Ẹtì kẹrin, Ìgbín jìn sí kòtò. Gbì!

"Mo ti jìn o!" ni Ìgbín wí.

"Kúà! Kúà! Dúró dè mí!" ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé. Pẹ́pẹ́yẹ kò dé. Ìgbín kò dé. Ọkùnrin kan ló ń polówó ọṣẹ.

Màmá gbé páálí wọlé láti ibi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀gá ní ó ti tán. Ó ní àwọn tó ń wò ó ò pọ̀ tó."

"Ìgbín ńkọ́?" ni Abẹ́rẹ́ bi í. "Ṣé inú kòtò ló máa wà?"

Màmá gbé páálí náà sílẹ̀.

Bàbá àgbà wọ yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Pàà!

Lọ́jọ́ Sátidé, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, kò sọ̀rọ̀, kò sì jẹun.

Ẹ̀rù ba Abẹ́rẹ́. Bàbá àgbà náà ti jìn sí kòtò.

Abẹ́rẹ́ mú ìwé méjì. Ó ya Ìgbín nínú kòtò. Ó ya Ìgbín lókè.

"Màmá, ẹ wò ó! Ó ti jáde!"

Màmá mi orí. "Ṣé ó fò ni? Ìgbín ò ní ìyẹ́, ọmọ mi. Gbé e sókè díẹ̀ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ báyìí, bí èékánná."

"Ìwé mélòó?"

"Ó máa pọ̀ o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi."

Abẹ́rẹ́ yà. Ó yà, ó yà, ó yà. Ọwọ́ ń ro ó. Ìgbín sì ń wọ́. Wọ́, wọ́, wọ́.

Màmá ń wò ó. Nígbà tó yá, òun náà mú pẹ́ńsù. Ó ya Pẹ́pẹ́yẹ sí etí kòtò.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n to ìwé náà jọ, wọ́n dì í létí kan. Màmá fi àtàǹpàkò ṣí i kíákíá, ewé tẹ̀lé ewé. Fìrìrìrì! Ìgbín ń gòkè!

Ṣùgbọ́n kò lóhùn.

Abẹ́rẹ́ kan ilẹ̀kùn. Kó, kó, kó.

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbín fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ohùn kékeré kan jáde láti inú yàrá.

"Èmi nìkan ò lè ṣe é mọ́, ọmọ mi. Pẹ́pẹ́yẹ mi ti lọ."

Abẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ẹnu sí abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kúà! Kúà! Ìgbín, dúró dè mí!"

Ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá àgbà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà. Fìrìrìrì!

"Mo ń bọ̀ o," ni Ìgbín wí. "Má kán mi lójú."

"Kúà! Mo wà níbí!" ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Wọ́, wọ́, wọ́. Ìgbín yọ orí. Ìgbín jáde!

Kàtúùnù náà kò padà sórí tẹlifíṣàn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá àgbà jókòó sídìí tábìlì.

"Ebi ń pa mí o," ni Ìgbín wí.

Abẹ́rẹ́ sì sáré lọ gbé àwo wá.